Fọ́tò Ìkẹyìn Màmá Dorothy

Òjò ọjọ́ náà kò fojúure wo ẹnikẹ́ni ní Kétu. Ó ti na ọkùnrin kan láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà rẹ̀ ń tu omi jáde bó ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Labeebah lójú ọ̀nà Ìkòsì, ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó sì yọ kámẹ́rà kan jáde láti àyà. Ọ̀rá lórí ọ̀rá ló fi wé e. Kámẹ́rà náà gbẹ táútáú. Labeebah wo ọkùnrin, ó wo kámẹ́rà, ó ní kí òun má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

"Ẹ kú òjò o," ló wí. "Ta ló wá rajà nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Òun ni," ọkùnrin náà dáhùn, ó na kámẹ́rà sí i. "Èmi kàn sìn ín wá ni."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, nínú oṣù keje ọdún 2006. Olújìmí Ẹkúndayọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà, Jìmí lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ifákọ̀, lápá Gbágadà. Kò tíì pẹ́ tí bánkì tó ń bá ṣiṣẹ́ dà pọ̀ mọ́ òmíràn, tí wọ́n sì ní kí òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Kámẹ́rà àlòkù yìí ló wá kù tó fi ń jẹun. Ó ń ya ìkómọ, ó ń ya ọjọ́ ìbí, ó ń ya ẹni tó bá ṣáà ti dúró lójú kan.

Labeebah ní tirẹ̀, mẹ́mórì ló ń tà. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Ajarat Shittu, ń ta ata rodo lápò lápò ní Mile 12, wọ́n sì ti retí pé ọmọ yóò wá dúró ti àwọn nídìí ata. Ọmọ ní ata ń ta òun lójú. Ó gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ó ń ta mẹ́mórì kọ̀ǹpútà, àwọn pẹlẹbẹ gbọọrọ tí eyín wúrà tò sí létí, ó sì ń ta káàdì kámẹ́rà, tí àwọn míì nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ta irú ọjà yìí, èló lẹ fẹ́ ná ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Labeebah kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Á ní, "Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá kí n rí i." Tó bá rí i tán, á ti káàdì bọ inú rẹ̀, á máa ya ògiri, á máa ya àjà, á máa ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀, títí káàdì á fi kún dẹ́nu. Lẹ́yìn náà á wo gbogbo rẹ̀ padà láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn kó tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́. Oníbàárà á máa ráhùn, á máa wo aago, kò kàn án. Ó ní ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó lè fi sọ pé nǹkan ò bá òun lára mu, àfi kéèyàn bọ́ ọ yó kó wò ó bóyá á bì.

Lọ́jọ́ òjò yẹn, káàdì tí Jìmí rà lójú títì ló kọ̀ tí kò wọlé.

"Ta ló sọ fún yín pé èyí ló bá kámẹ́rà yín mu?" Labeebah bi í.

"Ẹni tó tà á ni. Ó ní gbogbo káàdì, káàdì ni."

"Gbogbo bàtà náà, bàtà ni. Ẹ bọ́ tiyín kí n gbé e wọ̀."

Jìmí bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ó bọ́ bàtà, ó da omi inú rẹ̀ síta, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Labeebah rẹ́rìn-ín títí ó fi di kàǹtà mú. Ó wá káàdì kékeré kan tó bá a mu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò kún un. Òjò ti dá tipẹ́ kó tó parí, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu kàn án nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà Ìkòsì di ibi tí Jìmí ń gbà lọ síbi gbogbo, títí kan ibi tí ọ̀nà Ìkòsì kò dé. Lọ́jọ́ kan ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Mẹ́mórì inú rẹ̀ kéré débi pé tó bá ṣí fọ́tò méjì pọ̀, á dákẹ́ lọ gbári. Labeebah tú ìdí rẹ̀, ó yẹ ihò inú rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Ti àtijọ́ nìyí. Èyí tó ń wọlé báyìí ò lè wọ̀ ọ́, àlàfo àárín eyín wọn ò sí lójú kan náà. Tí mo bá fipá tì í, màá ba ẹ̀rọ jẹ́ fún ẹ. Jẹ́ kí n máa wá a."

"Máa wá a lọ, Ọ̀gá mi," Jìmí wí. "Má tètè rí i."

Labeebah gbé ojú sókè. Ojú tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣàwàdà. Ọjọ́ yẹn ni Jìmí sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín wáyà àti súkúrù, Labeebah sì ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ bàtà.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀ ni, ìtàn yìí ì bá ti parí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ìyá Jìmí, Màmá Dorothy, opó tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tọ́ ọmọ méjì, gbọ́ orúkọ Labeebah lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí Jìmí má pe orúkọ náà mọ́ nínú ilé àwọn. Ọmọ ìjọ ni wọ́n ń retí, wọn kò retí Mùsùlùmí. Clara, ẹ̀gbọ́n Jìmí tó ń gbé ní Ìṣẹ́rí Olówóra, gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àlàájà Ajarat náà kò ki ọmọ wọn láyà.

"Wọn ò ní gbà ẹ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ aláta lásán ni wọ́n máa kà ẹ́ sí. Jẹ́ kó lọ."

Labeebah kò jẹ́ kó lọ. Àìsàn ló sì wá sọ ọ́ di ará ilé níbi tí wọn kò ti fẹ́ ẹ. Jẹjẹrẹ ọmú ń bá Màmá Dorothy jà, ó ti jẹ irun wọn, ó ti jẹ ẹran ara wọn. Clara ń lọ síbi iṣẹ́. Tí Jìmí bá ní òde láti yà, kò sí ẹni tó lè dúró tì wọ́n. Labeebah á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á lọ sí Ifákọ̀. Á fọ aṣọ, á po ògì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì jókòó. Màmá Dorothy á kọ ojú sí ògiri títí Labeebah á fi lọ. Ó dunni, ó sì dun Labeebah. Ó ń sunkún lọ́nà ilé, ọ̀sẹ̀ mìíràn tó bá tún dé, á tún lọ. Ní òpin ọdún, ìyá náà kò kọ ojú sí ògiri mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì sọ ohun tó kọjá "o ṣé".

Àsìkò yẹn ni Labeebah ra ẹ̀bùn tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Káàdì kékeré Jìmí kì í tó ó lò. Lóde, tó bá kún, àfi kó pa fọ́tò kan rẹ́ kó tó lè ya òmíràn.

"Lánàá mo pa ìyá àgbà kan rẹ́ kí n lè rí àyè ya kéèkì," ló sọ fún Labeebah, kò sì rẹ́rìn-ín.

Labeebah wá káàdì ńlá kan, ó gbé e pamọ́ de ọjọ́ ìbí Jìmí. Ó fẹ́ kó bá a lójijì. Bó bá ní òun fẹ́ ya fọ́tò kún un wò, àfi kí ó gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ Jìmí fún ọ̀sán gbáko, Jìmí á sì fura. Ó jí i lò fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí Jìmí wọlé lọ wẹ̀. Ó ya bíi mélòó kan, ó wò wọ́n, gbogbo wọn mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní ó ti tó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Labeebah fi káàdì lé èèyàn lọ́wọ́ láì kún un wò, ìfẹ́ ló sì fà á, ẹ má jẹ́ ká wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi.

"Kó o má baà pa ẹnikẹ́ni rẹ́ mọ́," ló wí nígbà tó ń fún un. Jìmí fi káàdì náà kan ètè rẹ̀ kó tó fi sínú kámẹ́rà.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, nígbà ọyẹ́, Màmá Dorothy jí, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Wọ́n mu ògì tán, wọ́n ní kí Labeebah bá àwọn mú gèlè aláwọ̀ sánmà nínú àpótí.

"Jìmí, gbé kámẹ́rà rẹ wá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lẹ ojú àìsàn mọ́ ògiri tí mo bá kú. Èmi náà ti rẹwà rí."

"Mummy, ẹ ò ní kú."

"Nọ́ọ̀sì ni mí. Má bá mi ṣeré."

Labeebah dúró lẹ́yìn àga wọn, ó ń wé gèlè náà mọ́ orí tí kò ní irun kankan.

"Ọwọ́ rẹ tutù," Màmá Dorothy wí.

"Ẹ má bínú, Mummy."

"Mi ò ní kó o gbé e kúrò."

Jìmí ń wo gíláàsì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó ń ráhùn pé ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ó jáde lọ ká aṣọ tó dí fèrèsé níta, ìyá rẹ̀ sì bá Labeebah sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nípa Clara. Nígbà tó padà dé, Labeebah fẹ́ yẹra kí ó má baà wọ inú fọ́tò. Màmá Dorothy na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró síbẹ̀. Jìmí, yà wá pọ̀. Ẹni tó bá máa bí ẹ léèrè, fi hàn án."

Jìmí yà wọ́n, omijé sì ń bọ́ sórí kámẹ́rà rẹ̀. Ó ní òun á kó fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mórì rẹ̀ bá ti dé. Káàdì ṣì ní àyè púpọ̀, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́ lọ.

Oṣù kejì ni Màmá Dorothy kú, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Clara ṣì wà lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Labeebah rí mẹ́mórì àtijọ́ náà rà. Jìmí gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, nítorí àwọn tó máa tẹ ìwé ìsìnkú àti fọ́tò ara ògiri ń dúró dè é. Mẹ́mórì wọlé dáadáa. Kọ̀ǹpútà ṣí gbogbo fọ́tò ìkómọ, gbogbo fọ́tò ọjọ́ ìbí. Ó wá kan ti ìyá rẹ̀.

Gèlè aláwọ̀ sánmà wà lókè, iwájú orí díẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú nìkan ló wà. Nínú òmíràn, kéèkì ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ ló wà níbi tó yẹ kí ẹnu àti àgbọ̀n wà. Nínú èyí tí wọ́n jọ yà, Labeebah tó dúró lẹ́yìn hàn kedere lókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìyá jókòó sí, kò sí nǹkan kan.

Labeebah gbìyànjú gbogbo ohun tó mọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Kò sí èyí tó padà.

"Káàdì ló bàjẹ́, àbí?" Jìmí wí. "Ẹni tó tà á fún ẹ ló rẹ́ ẹ jẹ."

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí Labeebah bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Jìmí ì bá gbà, wọn ì bá jọ sunkún. Ó wo ojú rẹ̀, kò lè purọ́ sí i.

"Káàdì ò bàjẹ́. Kámẹ́rà rẹ ti pẹ́, kò lè ka káàdì náà ju ìdajì lọ. Nígbà tó kún ìdajì, ó padà síbẹ̀rẹ̀, ó ń kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Mummy ló wà níbẹ̀rẹ̀. Ká ní mo kún un wò ni, ǹ bá ti mọ̀."

"Gbogbo èèyàn lo máa ń kún tiwọn wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tèmi nìkan ni o ò kún wò."

"Tìrẹ nìkan."

Jìmí ká wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e lé èjìká, ó jáde. Kò bú u. Ì bá sàn fún Labeebah kó bú u.

Nínú fọ́tò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti pupa ni wọ́n ti gé orí Màmá Dorothy jáde fún ìsìnkú. Ọmọge tí kò tíì lọ́kọ ni nínú rẹ̀. Àwọn tó wá bánikẹ́dùn ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń béèrè pé ọmọ wo ló tún kú nílé yìí. Clara rí Labeebah níbi tó fara pamọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó lọ bá a.

"Jìmí ní Mummy gbà ẹ́. Mummy ò bá ẹ ṣe rí. Fọ́tò tí ẹ jọ yà dà?"

Labeebah yíjú padà, ó rìn láti Ifákọ̀ títí ó fi dé Kétu, kò wọ ọkọ̀.

Jìmí kò wá mọ́. Òjò dé, ó rọ̀, ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí, Labeebah ń kún káàdì àwọn ẹlòmíràn, ó ń ya ògiri, ó ń ya àjà. Ó rù. Àlàájà Ajarat kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ẹ. Wọ́n á ti Mile 12 dé, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sì ní kó jẹun.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Labeebah gbé ojú sókè, Jìmí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Kò gbé nǹkan kan dání.

"Mò ń gbàgbé ojú wọn," ló wí, kò kí i. "Ojú ìgbà àìsàn nìkan ló kù lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ yẹn, kámẹ́rà ni mò ń wò, ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wá. Ìwọ lo wò wọ́n. Clara ń pín aṣọ wọn lónìí. Jọ̀ọ́, wá sọ fún mi níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba Labeebah, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé e.

Clara jókòó láàárín aṣọ ìyá rẹ̀ nínú yàrá. "Ta ló pè é?" ló bi í.

"Èmi ni," Jìmí wí. Ó jókòó sílẹ̀. Labeebah náà jókòó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Ó ní kòtò kékeré kan wà lẹ́bàá etí òsì wọn tí irun ti ń bò tẹ́lẹ̀. Ó ní nígbà tí gèlè dé orí wọn, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá tí àwọn dókítà ti ń dúró dè é. Ó ní wọ́n pa ètè dé lórí eyín iwájú tó ti yọ, wọ́n ní kí ó máa sọ fún àwọn tí Jìmí bá ti fẹ́ yà. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ìkejì tó tẹ̀ lé e. Jìmí di ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló ń wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe."

Clara ti dáwọ́ aṣọ kíká dúró. "Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

Labeebah kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ti pa á mọ́ láti ìgbà ìsìnkú, kí wọ́n má baà sọ pé ó fi ń wá ojúrere.

"Aunty Clara, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ bá orí wọn ní òfìfo láé. Wọ́n ní nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, irun wọn lẹ máa ń dì mú kẹ́ ẹ tó sùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé fìlà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀."

Clara bo ojú rẹ̀ mọ́ ìró ìyá rẹ̀, ó sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó nu imú, ó fa aṣọ òkè kan yọ nínú èyí tó ti tò fún ara rẹ̀, ó gbé e lé Labeebah lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ àti ìyàwó ilé nìkan là ń pín aṣọ òkú fún," ó ní, kò wo ojú rẹ̀. "Gbà."

Jìmí sìn ín dé ẹnu géètì. Labeebah di aṣọ náà mọ́ àyà.

"O ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì mọ̀. Bí mo ṣe jí láàárọ̀ yìí, inú ṣì ń bí mi. Bóyá lọ́la náà."

"Kí ló dé tó o wá pè mí?"

"Tá a bá bímọ, tí wọ́n bá ní báwo ni màmá mi ṣe rí, ìwọ nìkan lo lè sọ fún wọn. Fẹ́ mi, Labeebah. Tí ìbínú yìí bá máa tán, mo fẹ́ kó tán nínú ilé tí ìwọ náà wà."

Labeebah nu omijé ojú rẹ̀. Ó mi orí pé òun gbà.

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kọ́ọ̀tù ní Ògùdù nígbà tí ọdún ń parí lọ, Àlàájà Ajarat lápá kan, Clara lápá kejì. Inú ṣì ń bí Jìmí díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì sọ fún un kí wọ́n tó wọlé. Labeebah ní òun mọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì wọlé.